Ẹ Máa Sọ̀kalẹ̀ Nínú Ọkọ̀

"Bàbá, kí lorúkọ òkè yẹn?"

Ọmọ ọmọ mi ló bi mí bẹ́ẹ̀, láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Kọkànlá, lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Iléṣà, nígbà tó kù díẹ̀ ká yà sí Ìlárá-Mọ̀kín, ìlú wa. Ó nawọ́ sí àpáta dúdú kan tó yọrí sókè láàárín igbó, tó fi kùrukùru ṣe ìborùn. Mo lanu, mo tún un pa dé.

Ọdún 39 ni mo fi wakọ̀ lójú ọ̀nà yìí. Mo mọ kòtò ibẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo mọ kọ́nà tó máa ń gbé ọkọ̀ ṣubú lásìkò òjò, mo mọ ilé epo tí wọn kì í ti í bomi lu epo, mo mọ ìyá tí ẹ̀bà rẹ̀ ń gbóná láago márùn-ún ìdájí. Ṣùgbọ́n òkè tí mo ti ń kọjá lábẹ́ rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti jẹ́ ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀, n kò mọ orúkọ tí wọ́n ń pè é. N kò bi ẹnikẹ́ni rí.

Ọmọ náà kò fi mí ṣẹ̀sín. Ó kàn ní, "Ó wù mí kí n mọ̀ ọ́n ni, Bàbá," ó sì dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn wọ̀ mí lára. Òun ló jẹ́ kí n fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀, ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń wọkọ̀ lójoojúmọ́ láti Àkúrẹ́ sí Oǹdó, láti Oǹdó sí Ìbàdàn, láti Ìlárá sí Èkó, tí ẹ ń sùn tàbí tí ẹ ń tẹ fóònù títí kọ́ńdọ́ á fi pariwo pé ẹ ti dé. Ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Ẹ máa sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí èmi ṣe di ẹni tí kì í sọ̀kalẹ̀. 1966 ni mo wọ ẹ̀yìn Bedford onípákó, irú èyí tí à ń pè ní bolẹ́kájà. 1970 ni mo gba láísẹ́ńsì. Apá òsì ni gbogbo wa ń gbà nígbà náà, bí àwọn òyìnbó ṣe fi kọ́ wa. Ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin, 1972, ni gbogbo Nàìjíríà yí sí apá ọ̀tún. Ọjọ́ Àìkú ni, ọdún Àjíǹde sì bọ́ sí ọjọ́ náà gan-an. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń rọra wakọ̀, mò ń wo iwájú, mò ń wo ẹ̀gbẹ́, ọkàn mi kò balẹ̀. Bí mo bá ronú sẹ́yìn báyìí, ó dà bíi pé ọ̀sẹ̀ méjì yẹn nìkan ni mo fi rí ọ̀nà náà ní gbogbo ayé mi. Ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ mọ̀ pé odò kan wà lábẹ́ afárá kékeré tó wà ṣáájú Ìgbàrà-Òkè, pé àwọn obìnrin máa ń fọ ẹ̀gẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ mi mọ́ apá ọ̀tún tán, mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

Kòkó là ń kó. A ó di àpò rẹ̀ ní Ìdànrè tàbí Oǹdó, a ó sì gbé e lọ sí Ìbàdàn. Iye ìgbà tí o bá lọ tí o sì bọ̀ ni owó rẹ. Lẹ́yìn kòkó ni mo bọ́ sórí Peugeot 504, èrò ni mo wá ń gbé, èrò kò sì ní sùúrù tó àpò kòkó. N kò sọ pé ẹni tó ń wá oúnjẹ ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀. Ọmọ mẹ́fà ni mo fi iṣẹ́ náà tọ́, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n owó yẹn ti tán. Òkè yẹn ṣì wà níbẹ̀.

Ọmọ tó bi mí ní ìbéèrè yìí, nọ́ọ̀sì ni, ní ìlú Cork ní Áyálándì. Nígbà tí wọ́n fún un ní ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, ó wọ ọkọ̀ kékeré tó rà, òun nìkan, ó sì yí ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè náà ká: Kerry, Clare, Galway, títí dé Donegal. Ó kó fọ́tò wá fi hàn mí. Mo rí títì tó tín-ín-rín débi pé koríko hù ní àárín rẹ̀. Mo rí ògiri òkúta tí wọ́n kàn to jọ láìfi sìmẹ́ǹtì sí i, tó gun òkè lọ tó tún sọ̀kalẹ̀ lódì kejì. Mo rí àgùntàn tó dí ọ̀nà, tí onímọ́tò pa ẹ́ńjìnnì, tó ń dúró dè wọ́n. Mo bi í pé kí ló wá ń wò fún gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn. Ó ní, "Bàbá, mi ò lè rìn ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ kí n má dúró. Ibi gbogbo ni wọ́n ti ṣe àyè fún èèyàn láti dúró."

Ó wá sọ ohun kan tí kò jẹ́ kí n sùn lóru ọjọ́ náà. Ó ní ní 2014, Fáilte Ireland, àjọ tó ń bójú tó ìrìn-àjò afẹ́ níbẹ̀, ṣí ọ̀nà kan tó tẹ̀ lé etí òkun Àtìláńtíìkì, láti Kinsale ní Cork títí dé ìpẹ̀kun Donegal lápá àríwá, nǹkan bí 2,500 kìlómítà. Wild Atlantic Way ni wọ́n pè é. Mo bi í pé ọdún mélòó ni wọ́n fi kọ́ irú títì bẹ́ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Wọn ò kọ́ títì tuntun, Bàbá. Ọ̀nà tí àwọn àgbẹ̀ àti apẹja ń gbà tẹ́lẹ̀ náà ni. Wọ́n so orúkọ kan mọ́ ọn, wọ́n ri pátákó tí wọ́n ya ìgbì omi sí mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì fi ibi tí èèyàn á dúró sí hàn."

Orúkọ, pátákó, àti ibi ìdúró. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n fi sọ ọ̀nà oko di ohun tí gbogbo ayé ń wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ wò. Èwo ló nira fún wa níbẹ̀? Òkè wa kò kéré sí tiwọn. Igbó wa tutù yọ̀yọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwa la kò dúró.

Ẹ má sì rò pé Áyálándì ṣàjèjì sí wa. Àwọn fadá Kátólíìkì ti ẹgbẹ́ SMA tó wá láti ibẹ̀ rìn káàkiri Oǹdó àti Àkúrẹ́ kí ọ̀pọ̀ bàbá yín tó dáyé. Àwọn sísítà St. Louis, tí wọ́n ti Monaghan wá, ló kọ́ ọ̀pọ̀ ìyá yín níwèé ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, fadá kan máa ń gun alùpùpù gba ọ̀nà oko wa. Yóò dúró, yóò bọ́ fìlà, yóò kí àwọn àgbẹ̀, yóò sì béèrè pé odò yìí ńkọ́, kí ni wọ́n ń pè é? Yóò kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan. Àwa ọmọdé rò pé ó ń wá góòlù ni. Mo ti wá mọ̀ báyìí pé bí wọ́n ṣe ń rìn nílé ló ṣe ń rìn lọ́dọ̀ wa.

Lọ́jọ́ kejì ìbéèrè yẹn, mo sọ fún ọmọ náà pé ká jọ jáde. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin di ìdarí ọkọ̀ mú, èmi jókòó síwájú, fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi tí mo lè wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà bó ṣe wù mí.

Ìsàrun la kọ́kọ́ lọ. Inú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ifẹ́dọ̀re tiwa níbí náà ló wà, kò jìnnà rárá. A kí àwọn àgbà ìlú, wọ́n sì fún wa ní ọdẹ kan tó mú wa gba inú oko kòkó lọ síbi àpáta ńlá kan tó na orí jáde bí òrùlé. Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Ihò Eléérú. Ní 1965, ọdún kan ṣáájú kí n tó wọ ẹ̀yìn ọkọ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thurstan Shaw, awalẹ̀pìtàn ní Yunifásítì Ìbàdàn, kó àwọn èèyàn lọ síbẹ̀, wọ́n walẹ̀, wọ́n sì bá egungun èèyàn pẹ̀lú òkúta wẹ́wẹ́ tí ọwọ́ ti gbẹ́ ṣe irinṣẹ́. Nígbà tí wọ́n yẹ èédú tó wà nídìí rẹ̀ wò, ó lé ní 11,000 ọdún. Nínú gbogbo egungun èèyàn tí wọ́n ti rí ní Nàìjíríà, kò sí èyí tó pẹ́ tó o. Ní 2011, àwọn onímọ̀ tún agbárí náà yẹ̀ wò, wọ́n sì rí i pé ìrísí rẹ̀ jọ ti àwọn èèyàn tó ti gbé ayé tipẹ́tipẹ́ ṣáájú àkókò rẹ̀.

Ohun tó mú mi dúró pẹ́ jù níbẹ̀ ni orúkọ náà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ìwé òyìnbó fi ń kọ ọ́ ní "Iwo Eleru". Ìwo ni ti màlúù, ihò ni ti àpáta, eérú sì ni eérú. Ẹnì kan ṣì í gbọ́, ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, gbogbo ayé sì ń pè é bẹ́ẹ̀, títí àwọn onímọ̀ fi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tún un kọ. Ọmọ ọmọ mi ní ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ sí Áyálándì: ní nǹkan bí 200 ọdún sẹ́yìn, àwọn awọnlẹ̀ ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì lọ káàkiri, wọ́n sì kọ orúkọ ìlú àti òkè sílẹ̀ bó ṣe dún létí wọn. Lónìí, pátákó ojú ọ̀nà níbẹ̀ ń gbé orúkọ méjèèjì, ti èdè wọn àti ti Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ kàwé, tí ẹ mọ àmì ohùn kọ, iṣẹ́ yín nìyí. Bí ẹ bá gbọ́ orúkọ òkè tàbí odò lẹ́nu arúgbó, ẹ kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, ẹ fi àmì sí i, ẹ kà á sí i létí kó lè tún un ṣe.

Ọmọ náà ti dé Newgrange ní Áyálándì, ibojì olókùúta tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí 5,200 ọdún sẹ́yìn. Lọ́dọọdún nínú oṣù Kejìlá, oòrùn àárọ̀ máa ń wọlé tààrà dé inú rẹ̀ lọ́hùn-ún, àwọn tó fẹ́ wà níbẹ̀ sì pọ̀ débi pé gègé ni wọ́n ń ṣẹ́ láti mú wọn. Ó sọ̀rọ̀ yìí fún mi lábẹ́ àpáta Ìsàrun, níbi tí ohun tó ju ìlọ́po méjì ọjọ́ orí Newgrange lọ wà. Àwa mẹ́ta, ọdẹ náà, àti ajá rẹ̀ la wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn Ìsàrun, Ìdànrè la lọ. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ òkè rẹ̀? Ìsàlẹ̀ òkè yẹn ni mo ti ń di kòkó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo ti sùn lábẹ́ ọkọ̀ níbẹ̀, mo ti jẹ àkàrà ibẹ̀, mo ti tún taya ṣe níbẹ̀ nínú òjò. Mi ò gbójú sókè. Lọ́jọ́ yìí, pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́ mi àti ọmọ méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo gun àtẹ̀gùn rẹ̀ tó lé ní 600. Wọ́n ṣe ibi ìsinmi sí i, mo sì jókòó ní gbogbo wọn láìtijú. Nígbà tí a dé òkè, mo rí ìlú. Ìlú pátápátá ni o, ẹ̀yin ọmọ mi: ààfin Ọwá àtijọ́, kóòtù, ilé ìwé, ojú oórì. Ibẹ̀ ni àwọn ará Ìdànrè ń gbé kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ ní nǹkan bí 100 ọdún sẹ́yìn. Láti 2007 ni Nàìjíríà ti fi orúkọ ibẹ̀ sínú ìwé UNESCO pé kí wọ́n wá yẹ̀ ẹ́ wò fún ohun ìní gbogbo ayé. Ojú ẹsẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ẹsẹ̀ Agbóògùn náà wà níbẹ̀ lára òkúta. Wọ́n ní ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni tó bá tẹ̀ ẹ́ ló ń bá mu. Ọmọ ọmọ mi fi ẹsẹ̀ tirẹ̀ sí i, èmi náà fi tèmi tó ti wú sí i.

Láti ibẹ̀ ni mo ti wo ìsàlẹ̀, tí mo rí títì tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún sáré lórí rẹ̀. Ó rí bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín ewé. Gbogbo ohun tó wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì rẹ̀ pọ̀ ju òun fúnra rẹ̀ lọ fíìfíì. Mo sunkún díẹ̀. Àwọn ọmọ rò pé ẹsẹ̀ ló ń dùn mí, mo sì jẹ́ kí wọ́n rò bẹ́ẹ̀.

A padà sí Àkúrẹ́, a gba ọ̀nà Oǹdó, a dúró ní Ọwẹ́nà ra ọ̀gẹ̀dẹ̀, a sì sun Oǹdó lọ́dọ̀ ìbátan wa, lẹ́yìn tí a ti jẹ àsun tó ta wá létí. Ẹ̀gbọ́n mi tó gbà wá lálejò ló sọ fún àwọn ọmọ pé obìnrin ni Ọṣemàwé àkọ́kọ́, ìyẹn ọba Oǹdó, Púpùpú lorúkọ rẹ̀, àti pé títí dòní Lóbùn, ìjòyè obìnrin, kò ṣeé yọ sílẹ̀ tí wọ́n bá fẹ́ fi ọba jẹ ní Oǹdó. Àbúrò ọmọ ọmọ mi, tó ti gba ìlú yìí kọjá ní ogúnlọ́gọ̀ ìgbà, ní òun kò gbọ́ ọ rí. Báwo ni yóò ṣe gbọ́ ọ? Gáréèjì kì í sọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀.

Mo mọ ohun tí àwọn kan nínú yín ń sọ lọ́kàn: "Bàbá yìí fẹ́ kí wọ́n jí wa gbé ni." Rárá o. Mo mọ ẹ̀rù tó wà lójú ọ̀nà wa, mo sì ti pàdánù èèyàn sí i. Nítorí náà, ẹ fetí sí awakọ̀ àgbà. Ẹ máa rìn lójúmọmọ. Tó bá ti di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ẹ wá ibi tí ẹ ó sùn. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ní gáréèjì bí ọ̀nà ṣe rí lọ́jọ́ yẹn, torí awakọ̀ máa ń mọ̀ kí ìròyìn tó gbé e. Ẹ sọ ibi tí ẹ ń lọ fún ẹni tó wà nílé. Inú ìlú, ẹnu ọjà, iwájú ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí ni kí ẹ ti sọ̀kalẹ̀, kì í ṣe ojú ọ̀nà tó dá páropáro. Tí ẹ bá fẹ́ wọ igbó, ẹ gba ààfin lọ, kí wọ́n fún yín ní ẹni tó mọ̀nà. Àwọn ẹ̀ṣọ́ Amọ̀tẹ́kùn tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti 2020 sì mọ ibi tó dára àti ibi tí kò dára. Ọgbọ́n ni sísọ̀kalẹ̀ gbà.

Ó sì gba ìkíni. Lójú ọ̀nà Ìjàrẹ́ lọ́dún kan, mo rí àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin kan tí wọ́n dá ọkọ̀ dúró níwájú obìnrin kan tó ń sá kòkó lórí tapólì. Wọn kò kí i. Wọ́n yọ fóònù, wọ́n ń ya á, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí fóònù wọn. Obìnrin náà fi aṣọ bojú, ó yí ẹ̀yìn sí wọn. Wọ́n lọ pẹ̀lú fọ́tò ẹ̀yìn rẹ̀. Ká ní wọ́n kí i pé ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú oòrùn, ìyẹn ì bá ti fún wọn ní kòkó tútù mu lójú ẹsẹ̀, ì bá ti sọ fún wọn ìdí tí wọ́n fi ń bo kòkó sábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà kí wọ́n tó sá a, ì bá sì ti dúró fún wọn láti ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín. Ẹnu ni ìlẹ̀kùn ilé ẹlòmíì.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Elizade, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀, torí ìlú wa lẹ wà. Olóyè Michael Adé Òjó tó dá ilé ẹ̀kọ́ yín sílẹ̀, ọmọ Ìlárá-Mọ̀kín ni. Ọkọ̀ títà ló fi lówó, láti ìgbà tó ti dá Elizade sílẹ̀ ní 1971. Ó lè kọ́ yunifásítì náà sí Èkó, ṣùgbọ́n ìlú rẹ̀ ló gbé e wá. Ọ̀pọ̀ yín ń lo ọdún mẹ́rin láàárín òkè wọ̀nyí láìmọ̀ ju ọ̀nà hósítẹ́ẹ̀lì àti ẹnu géètì lọ. Ẹ jáde ní Sátidé kan. Olúmirìn wà ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, omi tó ń já lulẹ̀ ní ìpele méje. Ìkògòsì wà lódì kejì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń ṣàn pàdé ara wọn. Nígbà tí mò ń wakọ̀, Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni Ìkògòsì wà, kí wọ́n tó yọ Èkìtì lára wa ní 1996. Èmi fúnra mi kò tíì fojú kàn án. Oṣù tó ń bọ̀ la fẹ́ lọ.

Kí ọmọ náà tó padà sí Cork, ó ní ká dúró níbi tó ti bi mí ní ìbéèrè ọjọ́sí. Obìnrin kan ń sun bọ̀ọ̀lì níbẹ̀, lábẹ́ agbòòrùn tó ti ya. Mo sọ̀kalẹ̀. Mo kí i, mo ra bọ̀ọ̀lì mẹ́ta àti ẹ̀pà, mo sì béèrè orúkọ òkè náà. Ó wo mí, ó wo òkè, ó wá fà mí ní àga kékeré kan. Ó sọ orúkọ náà. Ó sọ ìdí tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀, bí ìyá ìyá rẹ̀ ṣe sọ ọ́ fún un, àti ohun tí àwọn ará ìlú máa ń ṣe lẹ́sẹ̀ rẹ̀ láyé àtijọ́ tí òjò bá kọ̀ láti rọ̀. Ọmọ ọmọ mi kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, ó kà á sí i létí, obìnrin náà tún ohùn kan ṣe. Ó ní ọdún 22 ni òun ti ń sun bọ̀ọ̀lì níbẹ̀, onímọ́tò kankan kò bi òun rí.

N kò ní kọ orúkọ náà síhìn-ín. Bí ẹ bá ti ń ti Ìgbàrà-Òkè bọ̀, apá ọ̀tún yín ni obìnrin náà wà, láti aago mẹ́jọ àárọ̀. Bọ̀ọ̀lì rẹ̀ dùn.